Ẹsẹ̀ Ọláoyè Mọ̀ Ju Ẹnu Rẹ̀ Lọ

Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni Ọláoyè fi gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Kégué, kò sì sí atamátàsé tó ń fẹ́ pàdé rẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ láti Atakpamé ni, lára àwọn Yorùbá ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ó ga, ọ̀rọ̀ sì máa ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí orúnkún ní òun kò ṣe mọ́, Herman, ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn tó ń kó ẹrù ní èbúté, mú un ṣe kóòṣì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ló fún un láti fi dán an wò.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti dàrú. Fiacre tó ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn bi í bí òun yóò ṣe mọ ibi tí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ máa yà sí. Ọláoyè la ẹnu, ó pa á dé. Ó ní kó ṣáà lọ gbà á. Wọ́n pàdánù ti àkọ́kọ́. Ní ìkejì, góòlù mẹ́rin ni wọ́n jẹ. Nílé ní Sanguéra, Hortense ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló ń sọ fún wọn gan-an. Kò mọ̀. Ṣé ọdún mẹ́rìnlá náà kò kọ́ òun ní nǹkan kan ni?

Ìkẹta dé. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀mì ni wọ́n ń gbá. Atamátàsé kan já Fiacre sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, níwájú Ọláoyè gan-an. Kí ó tó rántí pé kóòṣì ni òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ pápá. Ó yọ bọ́ọ̀lù náà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin yẹn láì fara kàn án, ó sì gbá a dànù.

Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe é. Òun alára ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. Rẹfirí fa káàdì pupa yọ. Ó fún àwọn alátakò ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ níbẹ̀, ó sì di góòlù.

Nígbà tí wọ́n parí, Herman ń bọ̀, ojú rẹ̀ le koko. Ọláoyè ti ń wá àpò rẹ̀ láti máa lọ sílé. Àmọ́ Fiacre àti àwọn méjì mìíràn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, pardon," Fiacre wí. "Ẹsẹ̀ atamátàsé yẹn fì sọ́tùn-ún, ẹ̀yin lọ sósì. Kí lẹ rí?"

"Ìbàdí rẹ̀ ni mo ń wò." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. "Ẹsẹ̀ máa ń parọ́. Ìbàdí kì í parọ́."

Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí wà láti ọjọ́ yìí? Ó ní kí Fiacre gbé bọ́ọ̀lù wá, ó dúró síwájú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé, ó ń ṣì í sọ, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Herman dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Mardi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́rin ni ìgbáradì yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ bá wa fi okùn so ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀."