Bí Mo Ṣe Yan Wọkí-tọkí fún Ọdẹ Ìmẹ̀sí-Ilé

Èmi ni mo yìnbọn ba àna mi. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí ní Ìmẹ̀sí-Ilé wọ́n ṣì ń sọ ọ́ fún àlejò kí wọ́n tó bu omi fún un mu. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni ọkùnrin náà. Tísà ni, ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó sì ń ṣọdẹ ní gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá. Èmi ní tèmi, ọmọ Òṣogbo ni mí, mùsùlùmí ni mí, rédíò ni mo ń tún ṣe nítòsí ìdí rélùwéè. Ká sọ òótọ́, ìbọn ló so èmi àti àna mi pọ̀ ju ìyàwó lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọdẹ lọ́hùn-ún nìyí. Àwọn kan á máa pariwo, wọ́n á máa na igbó, wọ́n á máa lé ẹran bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwa oníbọn á ti dènà lókè. Ìfé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ súfèé, kí àwọn tó kù sì súfèé dá a lóhùn. Lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ ń fẹ́ lórí òkè. Àna mi súfèé, afẹ́fẹ́ gbé e lọ, ó sì rò pé mo gbọ́. Èmi rí ewé tó mì, mo yìn ín. Mo ti fa ọ̀bẹ yọ, mo ti ń ṣe bísímílà lẹ́nu, mo ń sáré lọ dúńbú ẹran kó tó kú, àfi bí mo ṣe rí ṣẹ́ẹ̀tì àna mi nílẹ̀. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ké títí ohùn mi fi há.

Ọta mẹ́ta ni wọ́n yọ ní apá rẹ̀ ní ọsibítù Iléṣà. Kò kú, kò sì di alápá kan, a dúpẹ́. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ dìde, Àna. Ìbọn kò lójú." Ó fẹnu jì mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jì mí. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá wọ igbó, kì í rìn níwájú mi mọ́. Bí ọ̀nà bá ṣèèṣì gbé e síwájú, á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń tún bàtà ṣe títí n ó fi kọjá. Bóyá òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀. Ìyàwó mi náà mọ̀. Ó ń se oúnjẹ, ó ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò nílé wa.

Olúọ́dẹ, bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí gbogbo ọdẹ ìlú náà, gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ gbé ìbọn láàárín àwọn mọ́, àfi ọjọ́ tí mo bá rí ọ̀nà tí n ó fi máa mọ ibi tí ènìyàn wà bí ojú mi kò tilẹ̀ tó o. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, n kò bínú sí i. Irọ́ ni mo pa yẹn, mo bínú. Inú bí mi dé ibi tí mo fi fi ọwọ́ gbá tábìlì nínú ìsọ̀ mi, tí rédíò oníbàárà kan já bọ́ tó fọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá kò ju ọ̀kan lọ: kí ọkùnrin yẹn tún lè kọ ẹ̀yìn sí mi nínú igbó kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Nígbà ogun abẹ́lé, mo ti rí rédíò tí àwọn ṣọ́jà ń gbé lọ́wọ́, tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọkí-tọkí ni wọ́n ń pè é. Mo ní, bí ó bá ṣeé lò fún ogun, ṣé kò ní ṣeé lò fún ìgalà ni? Mo kọ̀wé gba àṣẹ, torí ìjọba kì í jẹ́ kí ènìyàn kàn máa sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́ bó ṣe wù ú. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo kọ ọ́ pé ọdẹ. Wọ́n tún bi mí. Mo tún kọ ọ́ pé ọdẹ, mo wá fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwé àṣẹ dé.

Oníṣòwò kan tó ń kó ẹrù rédíò bọ̀ láti Èkó gbé oríṣi wọkí-tọkí mẹ́ta wá fún mi pé kí n dán wọn wò, kí n mú èyí tó bá wù mí. Irú kan kéré, ó dára lójú, àmọ́ láti ẹ̀yìnkùlé mi kò gbọ́ ohùn tó wá láti ojúde. Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀, mo ní kó lọ tà á fún àwọn ọmọdé tí ń ṣe eré ọkọ-àti-ìyàwó. Ó wá ku méjì. Ọ̀kan nínú wọn tóbi, ohùn rẹ̀ sì ń dún gbùn-ùn. Ìkejì ṣeé mú lọ́wọ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹni tí ọ̀finkìn ń ṣe. Bọ́tìnì pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, á dún "pììì" lára èkejì rẹ̀. N kò ka bọ́tìnì yẹn sí nǹkan kan.

Mo lọ dán wọn wò létí Igbó Ọ̀ṣun. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀, n kò sì wọlé. Ìta ni mo dúró sí, mo kàn fẹ́ mọ ohun tí igi ńlá ń ṣe sí ohùn. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ ìyàwó mi kó gbé ọ̀kan nínú àwọn ńlá, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́nà Ìdó-Ọ̀ṣun, kó sì máa sọ ohun tó bá rí fún mi bó ṣe ń lọ. Ó gbé e tìkọ̀ tìkọ̀. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi, mo na ọ̀pá èríà sókè.

"Mo ti kọjá ìdí ọsàn," ni ohùn rẹ̀ wí. "Ẹ̀ ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́."

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sun àgbàdo. Wọ́n ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ọkọ mi ni. Wọ́n ní ọkọ mi dà. Ọ̀kan nínú wọn ti ń ṣàdúrà fún mi."

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí n kò gbọ́ nílé mi láti ọjọ́ wọ̀nyí ni mo gbọ́ nínú àpótí onírin yẹn. Mo gbé e mọ́ etí, omi bọ́ lójú mi, oníbàárà tó dúró ti mí yíjú síbòmíràn. Kò tíì dé Ìdó-Ọ̀ṣun tí ohùn rẹ̀ fi já, ṣùgbọ́n ibi tó dé tó fún igbó Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, èyí tí ohùn rẹ̀ ń dún gbùn-ùn ni mo mú. Ta ni kò ní mú un? Ọ̀gá ni mí nídìí rédíò, mo sì mọ ohùn tó dára tí mo bá gbọ́ ọ. Mo kó mẹ́ta irú rẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ọ̀kan fún Olúọ́dẹ, ọ̀kan fún àna mi, ọ̀kan fún èmi, mo sì fi lílò rẹ̀ hàn wọ́n bí tísà. A wọ igbó láìsí ìbọn lọ́wọ́ mi. Mo fẹ̀yìn ti òkúta ńlá kan, mo gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, mo pe Olúọ́dẹ lórúkọ. Kò dáhùn. Mo pe àna mi lórúkọ, òun náà kò dáhùn. Mo pè títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹyẹ gbogbo fò lọ, gbogbo ẹran tó wà lórí òkè yẹn á ti mọ orúkọ wọn.

Nígbà tí mo wá wọn kàn, Olúọ́dẹ jókòó lórí kùkùté, ó ti gbé wọkí-tọkí sórí ewé lókèèrè, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ejò.

"Ta ló ń pe orúkọ mi nínú irin?" ló bi mí.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé mo rí ọ ni? Ugbó yàtọ̀ sí ulé o, ọmọ Òṣogbo. Bí ohùn tí n kò rí olóhùn rẹ̀ bá pè mí nínú ugbó, bàbá mi tó bí mi ní n kò gbọdọ̀ jẹ́."

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo tẹ̀ lé wọn dé igbó ni wọ́n ti kọ́ mi ní èyí: ọdẹ kì í pe ọdẹ lórúkọ nínú igbó, ọdẹ kì í sì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń súfèé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ìgbéraga ló jẹ́ kí n gbàgbé. Dípò kí n tọrọ àforíjì, mo fọhùn pé ayé ti lajú, pé ta ló tún ń bẹ̀rù ìwin. Ẹnu àìmẹ́nu. Bàbá náà dìde, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Àna mi ló bá mi kó ẹ̀rọ sínú àpò. Ó ń rìn lẹ́yìn mi bó ti ń ṣe. Nígbà tí a fẹ́ jáde kúrò nínú igbó, ó ní, "Àna, ìfé ni Bàbá mọ̀. Ṣé kò sí èyí tó lè súfèé níbẹ̀?"

Mo dúró. Bọ́tìnì pupa tí n kò kà sí. Mo kàn ń wo ọkùnrin náà, ojú tì mí, inú mi sì dùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Olúọ́dẹ, mo gbà pé mo ṣìwà hù. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbé olóhùn tín-ín-rín dé. Bàbá náà tẹ bọ́tìnì, ti ọwọ́ mi dún pììì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ kúkúrú, ó tẹ̀ ẹ́ gígùn, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èyí kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni," ló wí. "Èyí ni a ó mú." Òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò bí a ó ṣe máa lò ó. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan gígùn, ó ń bi wá pé níbo lẹ wà. Àgbà ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, ọmọdé á tẹ̀ lé e: ẹ̀ẹ̀kan kúkúrú fún ibi òkúta, ẹ̀ẹ̀mejì fún odò, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ìdí àràbà. Bí ẹnì kan bá wá tẹ̀ ẹ́ tí kò gbọ́wọ́ kúrò, ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja nìyẹn, kí ẹni tó bá rí ẹran yìn ín.

Sátidé kan nígbà ọyẹ́, Olúọ́dẹ dá ìbọn mi padà fún mi. Ó fi mí síbi òkúta, òun àti àna mi lọ sí ìdí àràbà. Mo so wọkí-tọkí mọ́ àyà. Àwọn tó ń na igbó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gidi. Kò pẹ́, ewé mì níwájú mi létí odò. Mo gbé ìbọn. Mo mọ̀ dájú pé ẹran ni, torí àwọn méjèèjì wà ní àràbà. Síbẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnì, gígùn kan.

Olúọ́dẹ dáhùn: ẹ̀ẹ̀mẹta, àràbà. Mo ń retí ẹ̀ẹ̀mẹta mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́.

Mo gbé ẹnu ìbọn wálẹ̀. Orí àna mi yọ láàárín ewé náà gan-an. Ìgalà ló gbọ́ tó ń mumi, ló bá tẹ̀ lé e. Ó ti súfèé kó tó kúrò bí ó ti mọ́ ọn lára, ọyẹ́ sì tún gbé e lọ bí ti ìjọ́sí.

Kí n tó mí, ìgalà náà fò jáde láàárín àwa méjèèjì, akọ, oníwo. Òun wà lọ́hùn-ún, èmi wà níhìn-ín, ẹran wà láàárín. N kò gbé ìbọn. Ká ní ó fẹ́ lọ, kó máa lọ, mo gbà. Ìgbà náà ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún pììììì, kò dákẹ́. N kò rí àna mi mọ́. Ó ti dùbúlẹ̀ sínú koríko, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì, ó ń sọ fún èmi tí mo yìnbọn bà á pé kí n yìn ín.

Mo yìn ín. Ìgalà náà ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo sáré, mo bá àna mi níbẹ̀ tó ti di ìwo rẹ̀ mú fún mi. "Ẹ tètè ṣe bísímílà yín, Àna," ló wí, "kó má baà di ẹran èmi nìkan." Olúọ́dẹ dé, ó wo ẹran, ó wo wa, ó sì súre fún wa títí èrò fi pé lé wa lórí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ tẹ bọ́tìnì kí ìyàwó mi gbọ́ ọ ní Òṣogbo.

Àwọn ọdẹ tó ń na igbó gbé ẹran ṣáájú. Ọ̀nà náà tóóró, ẹyọ ẹnì kan ló ń gbà. Àna mi bọ́ síwájú mi. Ìbọn mi wà lọ́wọ́ mi, mo ti tún ki ọta sí i. Ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹnu, ó ń lọ, mo ń wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti rin fún òógùn, títí a fi rí òrùlé Ìmẹ̀sí-Ilé, kò sì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.