Kí Ni Mo Wí?

“Kí ni mo wí?” Ìyá ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́ kì í rán èèyàn níṣẹ́ láìbi í bẹ́ẹ̀. Wàá tún un sọ kí o tó lọ.

Nígbà tí àìsàn wọn le, wọ́n ṣèwé lọ́dọ̀ lọ́yà pé kí dókítà má fi ẹ̀rọ mú àwọn mí. Lọ́yà ní dandan ni kí èmi tí wọ́n yàn sọ ọ́ fún dókítà. Wọ́n tẹ̀ka, wọ́n kọjú sí mi: “Kí ni mo wí?” Mo tún un sọ.

Ní ọsíbítù n'Íkòròdú, àkọ́bí wọn ní kí dókítà lo ẹ̀rọ. Mi ò gbó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ́nu rí. Ìwé wà nínú báàgì mi, mo dákẹ́.

Rọ́bà ẹ̀rọ dí wọn lẹ́nu títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ojú ni wọ́n fi ń bi mí.