Irin ní Àárọ̀, Rọ́bà ní Ìrọ̀lẹ́

Mo rántí òórùn rọ́bà inú táyà kàmíọ̀nù nígbà tí oòrùn bá ti pa á. Òórùn yẹn kì í kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, kódà kí o fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó jẹun. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi gbóòórùn rẹ̀ lára mi ní Banikanni, ní Parakou, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí Dàhómì gba òmìnira. Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún nígbà náà. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo ń fi rọ́bà ṣe, mo lè ṣàlàyé. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé ó ṣe mí láǹfààní, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Alááru ni bàbá mi. Ibùdókọ̀ ojú irin, tí gbogbo wa ń pè ní gáà, ló ti ń ru àpò ẹ̀pà sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu. Ará Ṣábẹ̀ bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wọn, àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti ìdílé rẹ̀. Bí bàbá bá kúrò, ọmọ ni yóò rọ́pò rẹ̀, bó bá ti lè ru àpò kan gun orí pákó dé inú ọkọ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Lọ́dún náà ni ìbàdí bàbá mi bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ní àwọn yóò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè mí títí ẹ̀pà tuntun yóò fi dé. Bí mo bá kùnà, ó di ti ẹlòmíràn. Àyè yẹn ni gbogbo ilé wa fi ń jẹun. Èmi tí wọ́n sì gbójú lé yìí, iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń kọ́ ní Titirou láti kékeré. Ohun tó wúwo jù tí ọwọ́ mi mọ̀ ni irin tí a fi ń lọ aṣọ.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, àgbà alááru, ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ mi kanrí. Ó gbé ọ̀pá irin kan wá láti ìdí ọkọ̀ tó ti kú, ó ti àgbá kẹ̀kẹ́ irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu méjèèjì, ó ní kí n máa gbé e láti ilẹ̀ dé èjìká ní àràárọ̀. Ó ní, "Irin ò mọ ojú ẹnìkan. Bó ṣe wúwo lánàá náà ló máa wúwo lọ́la. Ìwọ lo máa yí padà." Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan wà tó yá yàrá nínú agbo ilé wa, Kristẹni láti Kétu, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré ìdárayá. Ó wò mí títí, ó mi orí. Ó gé rọ́bà inú táyà sí ọ̀já gígùn, ó so ó mọ́ ìdí igi dóńgóyárò, ó ní kí n máa fà á. Ó ní, "Irin máa ń le jù níbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń dá ènìyàn lápá. Rọ́bà máa ń rọra bẹ̀rẹ̀ ni. Bí o bá ṣe ń fà á lọ ló ń le sí i, kò sì ní já lù ọ́ lẹ́sẹ̀." Mo gba òun náà gbọ́.

Nígbà yẹn, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni ọ̀gá mi. Mo ń gbé irin ní àárọ̀, mo ń fa rọ́bà ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń rò ó lójú ọ̀nà Titirou. Irin kì í fi nǹkan pa mọ́: ọjọ́ tí mo bá fi àgbá kan kún un, mo mọ̀ pé mo ti ní agbára kún agbára. Ṣùgbọ́n ó ń mú èjìká mi gan tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi níṣẹ́. Rọ́bà kì í fi ìrora sí mi lára, iṣan apá mi sì ń yọ. Àmọ́ bó bá rọrùn ju ti àná lọ, ṣé agbára mi ló pọ̀ sí i ni, àbí rọ́bà ló ti dẹ̀? Mo bi bàbá mi. Ó ní, "Gbọ́ ti àwọn méjèèjì, àgbà ni wọ́n." Ìyẹn ò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Ọjọ́ kan ni mo wá ṣe ohun tí mo rò pé ọgbọ́n ni. Ní Parakou tiwa, òṣùwọ̀n la fi ń parí àríyànjiyàn, torí náà mo di irin àti rọ́bà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo gbé wọn lọ bá ọ̀gá kan tó ń ra ẹ̀pà. Irin gbé apá òṣùwọ̀n lọ sókè. Nígbà tí mo gbé rọ́bà lé e, apá náà kò mì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo padà sílé, mo ju rọ́bà sórí òrùlé, irin nìkan ni mo ń gbé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èjìká mi fi wú bí ẹ̀kọ tútù. Mo gun òrùlé lọ mú rọ́bà mi, ojú sì ń tì mí níwájú olùkọ́.

Ẹ̀pà dé. Wọ́n gbé bàbá mi jókòó sórí ìtí igi kan ní gáà. Òfin wọn ni pé bàbá ọmọ kò gbọdọ̀ fọhùn. Àpò wà nílẹ̀ níwájú mi, ọkùnrin méjì sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e rù mí. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń gbé e ru ara wọn bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bá gbé oúnjẹ wá fún bàbá mi, ṣùgbọ́n mo rò pé torí wọ́n ti ń dàgbà ni. Mo na ọwọ́, mo ní kí wọ́n yẹra. Mo bojú wo bàbá mi, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Mo ní àdúà ló ń ṣe fún mi, orí mi sì wú. Mo dá àpò náà gbé, mo fi orúnkún tì í, mo gbé e sí èjìká, mo gun pákó, mo sọ ọ́ sínú ọkọ̀. N kò ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Mo yíjú padà pé kí wọ́n hó.

Ẹnikẹ́ni ò hó. Olórí ẹgbẹ́ bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. Ó ní, "Agbára ń bẹ lára rẹ, ọmọ mi, a rí i. Alágbára náà ni ẹni tó ba ìbàdí bàbá rẹ jẹ́. Òun àti bàbá rẹ ló yẹ kó jọ gbé àpò, kò dúró dè é, ó dá a fà sókè, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá rẹ ló bọ́ lù. A ò lè gba irú rẹ̀ mọ́." Láti kékeré ni mo ti ń pa á lówe pé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. N kò mọ̀ pé òfin iṣẹ́ ni ní gáà. Bàbá mi rò pé ọ̀rẹ́ òun ti sọ fún mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé ọmọ alááru kì í ṣe ẹni tí à ń sọ irú rẹ̀ fún.

Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé bàbá mi padà sílé. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo fi bọ́ ilé wa lẹ́yìn náà, ọdún tó sì tẹ̀ lé e le. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń ra irin dídán àti rọ́bà aláwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n sì máa ń bi mí pé èwo ló dára jù. Mo máa ń ní kí wọ́n lo méjèèjì, torí n kò tíì mọ̀. Ohun tí n kò sọ fún wọn rí ni ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ọjọ́ náà, nígbà tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi fún àdúà tó ṣe fún mi.

Ó na ọrùn sí etí mi láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó ní, "N kò ṣàdúà. Mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kí wọ́n gbé e rù ọ́."