Ike Kọ́sítáàdì Inú Báàgì Mi

Òórùn irun àtáṣímẹ́ǹtì tí wọ́n fi iná jó ní ṣóńṣó kì í tètè kúrò lára aṣọ. Bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ lónìí, ibi yòówù kí n wà, ọkàn mi á padà sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Yábàá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì plásà kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Ọ̀sán Sátidé ni. Mo jókòó sí orí àpótí kékeré, orí mi há sáàárín orúnkún onídìrí bí àgbọn tí wọ́n fẹ́ fọ́. Ẹgbẹ́ mi ni onídìrí yìí, a jọ ṣe girama ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi bá mi ṣe jẹ́jẹ́ tó bá ń fa irun. Ó ti di apá ọ̀tún tán. Apá òsì ṣì dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀ tuntun. Omi tó máa fi ri ìdí irun ń hó nínú kẹ́tùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi sì ń tòògbé, nítorí ìyá ọmọ tó bá ríbi jókòó sí láìṣe nǹkan kan, oorun ló máa kọ́kọ́ bá a níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé. Kò gba orí fóònù wá. Ọmọ mi obìnrin ló mú un wá. Ó dìde lórí ẹní tó ti ń fi àjákù irun dìrí fún ọmọláńgidi rẹ̀, ó rọra rìn wá, ó fi ẹnu kan etí mi, ó ní, "Mọ́mì, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí."

O lè máa rò ó pé kí ló tún wà nínú ìyẹn, ṣebí gbogbo ọmọ nìgbẹ́ ń gbọ̀n. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún ẹ. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọmọ mi sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àǹtí kíláàsì rẹ̀ ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi. Àǹtí ní kó mú un mọ́ra di àkókò ìsinmi. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Ó mú un mọ́ra títí agbára rẹ̀ fi pin, tó yà á sára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi kọrin títí ilé-ìwé fi parí lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ló ti pa ẹnu dé, tó sì pa ìdí dé pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, kò ní yàgbẹ́. Ikùn rẹ̀ á le bí ọsàn tí kò pọ́n. Bí mo bá bi í, á ní kò gbọ̀n òun. Bó bá wá jàjà jáde, pẹ̀lú ẹkún àti ẹ̀jẹ̀ ni, èmi náà á sì máa sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa ní Mùṣín fún wa lóògùn, ó ní kí n máa fún un ní ìbẹ́pẹ àti omi dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tí mo ti dé ẹnu ọ̀nà ni mo gbé lọ sílé. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ikùn nìkan kọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ọjọ́ tó bá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún yín, ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ dá a lóhùn. Tẹ́ ẹ bá já a kulẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ lè má gbọ́ ọ mọ́."

Ọjọ́ náà ló dé yìí. Pẹ̀lú orí tí wọ́n dì dé ìdajì ló sì bá mi.

Ó wù mí kí n sọ fún ẹ pé mo fò dìde lẹ́sẹ̀kan náà. Irọ́ ni. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Ó kù díẹ̀, dúró ná." Èmi náà! Èmi tí mo ti fi oṣù mẹ́ta ṣépè fún àǹtí kíláàsì ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu tèmi. Mo wá rí ojú ọmọ náà bó ṣe ń pa dé díẹ̀díẹ̀, bí fèrèsé tí èèyàn ń fà mọ́ra láti inú ilé. Ojú yẹn ló gbé mi dìde. Irun ṣì wà lọ́wọ́ onídìrí, díẹ̀ ló kù kó bá awọ orí mi lọ.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ló bi mí.

"Ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n. Ó sọ ọ́ fúnra ẹ̀!"

Onídìrí mọ ìtàn náà dáadáa. "Ha! Sáré, sáré, kó tó yí ọkàn padà!"

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú plásà náà, ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ̀ alága àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà, bàbá kan tó ń ta aago ọwọ́ àti bẹ́líìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà gan-an. Wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ pátákó kan tó gùn tó apá ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé rẹ̀ sápò gbé lọ sílé. Bàbá gbé pátákó yìí lé itan bí ọba ṣe ń gbé ọ̀pá àṣẹ.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi fẹ́ lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì."

Orí mi ló ń wò, kò wo ọmọ. "Ṣọ́ọ̀bù wo lẹ ní níbí?"

"Kọ́sítọ́mà ni mí, sà. Mò ń dìrí lókè."

"Ti oníṣọ́ọ̀bù ni. Tí mo bá ṣí i fún kọ́sítọ́mà kan, gbogbo Yábàá ló máa wá yàgbẹ́ síbí."

"Ọmọdé ni, sà. Tó bá ṣe tán, màá fọ ibẹ̀."

"Ṣé ẹ ò rí gọ́tà lẹ́yìn plásà ni? Ẹ gbé e síbẹ̀. Ọmọ kékeré yìí, kí ló mọ̀?"

Mo mọ gọ́tà náà. Ojú títì ló kọ sí, níbi tí àwọn kọ̀ndọ́ ọkọ̀ ti ń pe èrò Ọ̀yìngbò, tí àwọn ọkùnrin máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n á máa tọ̀ sí i, tí wọ́n á sì máa dúnàádúrà lórí fóònù lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo fojú inú wo ọmọ mi níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ká sókè, ìdí rẹ̀ kọ sí gbogbo èrò. Mo bojú wo ìsàlẹ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ kan lọ́ mọ́ èkejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di yẹ̀rì mi mú, ó ti ń làágùn nímú. Kò sunkún. Ì bá sàn kó sunkún. Mo mọ̀ pé ó ti ń mú un mọ́ra, pé tó bá fi lè padà sínú báyìí, yóò gbé ẹnu rẹ̀ náà wọlé pẹ̀lú.

"Ìtìjú ló mọ̀, sà," ni mo dá bàbá lóhùn.

"Hẹn?"

"Ẹ ní kí ló mọ̀. Ìtìjú ni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwa àgbà la kọ́ ọ."

Mo gbójú sókè, mo ké sí onídìrí pé kó bá mi wá nǹkan kan, nǹkankíǹkan. Ó yọjú lórí àtẹ̀gùn, ó wo èmi, ó wo bàbá, ó wo pátákó orí itan rẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó padà sẹ́yìn, a sì gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ irun ṣe dà wàràwàrà sórí tábìlì. Ìgbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, ike kọ́sítáàdì ńlá aláwọ̀ ìyeyè tó fi ń kó ìlẹ̀kẹ̀ àti yarun sí ló gbé lọ́wọ́, tòun tìdérí, yarun kan ṣì dúró nínú irun tirẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ méjì tẹ̀ lé e: ọmọge kan tí wọ́n so aṣọ dúdú onídìrí mọ́ lọ́rùn, àti màmá àgbàlagbà kan tí róòlà kún orí wọn.

"Níbí?" ni onídìrí bi mí.

"Níbí," ni mo wí. Mo gbé ike náà kalẹ̀ sí iwájú ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tì.

Bàbá dìde fùú. "Ẹ ò lè yàgbẹ́ síwájú ọjà mi o! Ṣé orí yín pé ṣá?"

"Ìdajì ló pé, sà," ni onídìrí dáhùn. "Èyí tó kù ni mo ṣì ń dì."

Màmá oníróòlà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n sì wo bàbá láti òkè délẹ̀. "Alága, ẹ kọjú sógiri. Ọmọbìnrin fẹ́ ṣe ohun ara ẹ̀."

"Màmá, òfin plásà..."

"Mo ní ẹ kọjú sógiri!"

O ò ní gbà mí gbọ́, bàbá yẹn kọjú sógiri. Tòun ti pátákó lọ́wọ́, bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Ọmọge bọ́ aṣọ dúdú ọrùn rẹ̀, ó di etí kan mú, onídìrí di ìkejì, màmá fi ìborùn dí apá tó kù, ọmọ mi sì ní yàrá. Mo bọ́ pátá rẹ̀, mo gbé e jókòó.

Ìgbẹ́ ò jáde. Ó gbójú sókè sí mi, ó tún sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "Mọ́mì, wọ́n ń gbọ́."

Kí n tó ronú ohun tí màá sọ, màmá ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìborùn wọn: "Ùn-ùn-ùùùn." Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá gbé ọmọ ọwọ́ lé orí ẹsẹ̀ méjèèjì kó lè yàgbẹ́, wọ́n á máa bá a kùn kó lè rántí iṣẹ́ tó wá ṣe. Onídìrí gbè é. Ọmọge náà gbè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ. Èmi náà gbè é. Ìyá kan tó ń ta yarun àti kọ́mú ní òdìkejì ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, òun náà ṣáà gbè é láti orí àga rẹ̀: "Ùn-ùn, ọmọ dáadáa, tì í!" Àgbà obìnrin márùn-ún, a ń kùn nínú plásà ní ọ̀sán gangan. Ọmọ mi wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló sì ṣí i. Kò sẹ́kún níbẹ̀, kò sẹ́jẹ̀. Mo ti gbọ́ orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ti ìgbéyàwó mi, kò sí èyí tó dùn létí mi tó ohun tí mo gbọ́ nínú ike kọ́sítáàdì yẹn.

Onídìrí lọ bu omi gbígbóná nínú kẹ́tùrù tó yẹ kó fi ri irun mi, ó là á pẹ̀lú omi tútù, mo fi ṣan ìdí ọmọ mi tónítóní. Mo wọ pátá fún un, mo dé ike náà, mo gbé e. Nígbà yẹn ló wá yé mi pé iṣẹ́ ṣì kù. Mo yí sí ẹ̀yìn bàbá, mo kúnlẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi láti máa gbé nǹkan fún àgbà, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì na ike náà sí i.

"A ti ṣe tán, sà. Níbo ni kí n dà á sí?"

Ó yí padà. Ó wo ike, ó wò mí lórí ìkúnlẹ̀, ó wo àwọn obìnrin tó dúró lẹ́yìn mi. Pátákó ló nà sí mi. Ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún ọmọ mi ṣí fún ìgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé ni inú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bí mi. Mo ti rò pé ó bàjẹ́ ni, tàbí pé kò lómi, pé ojú ń ti bàbá láti sọ. Ibẹ̀ mọ́ fóò. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta ló kún níbẹ̀, ọṣẹ wà lórí fèrèsé. Mo da ohun tó yẹ kí n dà, mo fọ ibẹ̀ bí mo ṣe ṣèlérí, mo fọ ike, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà. "Ẹ ṣé, sà." Mo gòkè lọ parí orí mi.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn kan, wọ́n ní ojú ò tì mí, pé ìyá tó gbẹ̀kọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ó dáa. Oṣù mẹ́ta ni ìtìjú fi gbé inú ikùn ọmọ mi, mo mọ bó ṣe rí, mo mọ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú póò. Ẹni tó bá tún fẹ́ gbé ìtìjú fún un, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Onídìrí ò gba ike rẹ̀ padà, ó ní ta ló fẹ́ kó ìlẹ̀kẹ̀ sínú ẹ̀ mọ́. Inú báàgì mi ló wà títí dòní, pẹ̀lú tíṣù àti ìgò omi kan, mo sì ti gbé e dé báńkì ní Sùúrùlérè, mo ti gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣì ń kí àgbà, mo ṣì ń kúnlẹ̀, mo ṣì ń kọ́kọ́ béèrè. Bí wọ́n bá fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mo dúpẹ́. Bí wọn ò bá fún mi, mo ṣí ìdérí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ mi ń rìn lọ sí ibùdókọ̀, orí mi ń ro mí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé bàbá yẹn ń bínú sí mi?"

Mo fẹ́ parọ́ fún un. Mi ò parọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, kí ojú wa lè dọ́gba.

"Ó ń bínú," ni mo sọ fún un. "Jẹ́ kó máa bínú. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan fún un. Tó bá tún gbọ̀n ẹ́ lọ́la, má wá sọ ọ́ sí mi létí mọ́. Pariwo ẹ̀."