Èèrà Inú Àpótí Ìró

Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin tó ń sin èèrà kò wọ́pọ̀ ní Àtàn-Ọ̀tà. Àwọn kan ń sin ajá, àwọn kan ń sin adìẹ. Kàsúmù ọmọ Ìwó, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ní Sáńgo, èèrà ló ń sìn.

Abẹ́ pákó jíjẹrà kan lẹ́yìn fẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ ló ti wú wọn, tìyá-tọmọ. Ó kó wọn sínú ike kan tó mọ́ gaara, ó sì gbé ike náà sínú abọ́ omi. Omi tí gbogbo wa fi ń dènà kí èèrà má wọnú ọbẹ̀, òun fi ń dènà kí èèrà má jáde nílé ni. Ṣúgà díẹ̀, ẹja yíyan bíńtín, òwú tó rin fún omi: oúnjẹ òòjọ́ wọn nìyẹn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tì wọ́n, á máa wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹyin kiri, á sì máa wá ìyá wọn, èyí tó tóbi jù, tó ń yé gbogbo ẹyin náà.

"Ẹ kú ọmọ wíwò o," Ṣùkúrát ìyàwó rẹ̀ á wí, á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọdún kẹjọ rèé tí wọ́n ti so yìgì, ọmọ ò tíì dé.

Ìdí nìyẹn tí jìnnìjìnnì fi bo Kàsúmù nígbà tí ìyá Ṣùkúrát pè láti Ìwó pé òun ń bọ̀ wá kí wọn. Kí ni àna máa rò nípa ọkọ tí kò rí ọmọ tọ́, tó wá ń tọ́ èèrà?

"Ẹ gbé wọn pamọ́," Ṣùkúrát bẹ̀ ẹ́. "Ẹ má jẹ́ kí màámi rí wọn."

Èèrà fẹ́ràn òkùnkùn, Kàsúmù rò ó bẹ́ẹ̀. Ó fi ìdérí oníhò bo ike, ó kì í bọ àpótí ìró ìyàwó rẹ̀, ó sì dé àpótí. Ọlọ́gbọ́n gbàgbé pé káńfọ̀ ló kún ìdí àpótí, àwọn hóró funfun tí àwọn obìnrin wa fi ń lé kòkòrò kúrò lára aṣọ.

Ìyá dé ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Kàsúmù ti ìrun Jímọ̀ dé, ó yọ́ wọ yàrá láti fún wọn lóúnjẹ. Òórùn káńfọ̀ gbá a nímú. Èèrà ti ṣubú lọ rẹpẹtẹ. Àwọn tó kù ń rìn bí ẹni tó mutí yó. Atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́, fèrèsé yàrá ò sì ṣeé ṣí. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni àna rẹ̀ jókòó sí. Ojú tì í, síbẹ̀ ó gbé ike mọ́yà, ó kọjá níwájú ìyá, ó ṣí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kàsúmù, kí lo gbé?"

"Èèrà ni, Màámi. Èmi ni mò ń sìn wọ́n. Èmi náà ni mo tún fẹ́ fọwọ́ ara mi pa wọ́n."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí èèrà. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì.

"Èwo ni ìyá wọn?"

Kàsúmù nàka sí i. Ìyá èèrà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò mira. Ìgbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbọ̀n, òmíràn tẹ̀ lé e, ó dìde. Àwọn ọmọ tó kù rọ́ bò ó.

"Ẹ kú ewu o, ìyá ọlọ́mọ yọyọ," Ìyá kí èèrà. Ó wá kọjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀ tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kàsúmù, ẹni tó mọ ọmọ tọ́ báyìí, Ọlọ́run ò ní fi tiẹ̀ dù ú."

Ṣùkúrát tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ṣe àmín, ó sì ké e tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì, tí wọn ò mọ àdúrà tí wọ́n ń ṣe, fi bá a ṣe é.