Oòrùn Tó Pẹ́ Wọ̀

Iṣẹ́ àtúnṣe aago ni Bàbá Aago ń ṣe. Bí èèyàn mẹ́ta bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnì kẹrin á dúró síta ni, ṣùgbọ́n aago mẹ́tàlélógún ló wà lára ògiri, gbogbo wọn ló sì ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá fi ìṣẹ́jú kan péré kẹ́yìn, Bàbá Aago ò ní lè jẹun.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn á wakọ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè kejì, àwọn á jókòó sétí adágún ńlá tó wà níbẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́dọọdún ni aago ẹnì kan ń bàjẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó gba fóònù ọkọ rẹ̀, ó sì tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú tiẹ̀.

"Oníbàárà kankan ò ní bá wa débẹ̀."

"Báwo la ṣe máa wá mọ aago tó lù?"

Ìyàwó wò ó tìyanu-tìyanu. Aago kan wà lọ́wọ́ òsì ọkọ rẹ̀, òmíràn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wakọ̀."

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n kọjá ẹnubodè. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó níbẹ̀ pé aago méje ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn. Bàbá Aago kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí àárọ̀ ọjọ́ Ajé gbọ́dọ̀ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ilé àlejò tí wọ́n sùn sí láago méje géérégé láti jẹun àárọ̀. Ilé ìdáná ṣókùnkùn. Alásè yọjú, ó ń yán, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá, mò ń bọ̀."

"Àwọn èèyàn yìí ò ka àkókò sí," ni Bàbá Aago lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Lẹ́tí adágún, inú ìyàwó dùn bí ọmọdé, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Nígbà tó di aago márùn-ún ààbọ̀ lọ́wọ́ òsì àti lọ́wọ́ ọ̀tún, ọkọ dìde.

"Ìyá wọn, ó tó. Ká máa lọ."

"Oòrùn ò tíì wọ̀ kẹ̀!"

"Oòrùn ló pẹ́. Aago mi ò pẹ́."

Ìyàwó mú bàtà rẹ̀ dání, ó wọ ọkọ̀. Ká ní ó pariwo ni, ọkọ ì bá rí èsì fọ̀. Gbogbo ọ̀nà ló dákẹ́. Táyà tún wá jò. Kí ọkọ tó pààrọ̀ ẹ̀ tán, òógùn ti bò ó. Nígbà tí wọ́n máa dé ẹnubodè, aago méje ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó fò bọ́ọ́lẹ̀, ó sáré lọ bá obìnrin aṣọ́bodè tó ń bó ọsàn. "Ẹ ṣàánú wa, ìṣẹ́jú márùn-ún péré la fi pẹ́!"

Obìnrin náà nàka sí aago ara ògiri. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ó mà ṣe o," ni Bàbá Aago wí. "Ẹ gbé e wá kí n bá yín tún un ṣe."

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Aago ìlú wa fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiyín! Ẹ ò mọ̀ ni? Iṣẹ́ wo lẹ tiẹ̀ ń ṣe?"

Bàbá Aago wo aago ọwọ́ òsì, ó wo ti ọ̀tún. Láti inú ọkọ̀ ni ìyàwó ti bá a dáhùn: "Aago ló ń tún ṣe o!" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ẹ̀, ó ń gbá dáṣíbọ́ọ̀dù gbàgbà. Ẹ̀rín náà tu ọkọ lára ju omi tútù lọ.

Apá kan adágún náà ya wá dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè. Obìnrin náà yá wọn ní bẹ́ǹṣì. Bàbá Aago bọ́ aago méjèèjì, ó jù wọ́n sínú báàgì ìyàwó rẹ̀. Oòrùn wọ̀ díẹ̀díẹ̀ níṣojú wọn, kò kánjú fún ẹnikẹ́ni.

Ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, aago méjìlélógún ló ń dún pọ̀. Ọ̀kan máa ń dá dúró, á fi wákàtí kan gbáko tẹ̀ lé wọn. Bí oníbàárà bá ní, "Bàbá Aago, èyí ti bàjẹ́ o," kì í tiẹ̀ gbójú sókè.

"Kò bàjẹ́. Ti ìyàwó mi ni."