Ẹ Kó Àmín Yín Padà

Òórùn àdán ni gbọ̀ngán ilé ìwé wa máa ń rùn. Kò sí bí a ṣe lè fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ rẹ̀ tó, inú àjà ni wọ́n ń gbé, láti inú àjà sì ni òórùn náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Bí ìwọ náà bá lọ sí ilé ìwé ìlú kékeré, wàá mọ irú gbọ̀ngán tí mò ń sọ. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé tí àdán ti gba àjà rẹ̀, àwọn yòókù á máa di imú, èmi á máa rẹ́rìn-ín, nítorí ọjọ́ ìdágbére wa ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ní ilé ìwé wa, bí àwọn tó ń jáde bá ti parí ìdánwò àṣekágbá, wọ́n á pe àwọn òbí, wọ́n á sì yan ẹnìkan tí ẹnu rẹ̀ dùn láàárín wọn láti sọ ohun tí kálukú yóò dà ní ogún ọdún sí i. Àwàdà ni o, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àwàdà ni. Ní ọdún tiwa, apanilẹ́rìn-ín kíláàsì wa ni a yàn, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè sín gbogbo olùkọ́ jẹ títí kan bí wọ́n ṣe ń húkọ́. Ó wọ kóòtù bàbá rẹ̀ tó balẹ̀ dé orúnkún, ó gun orí pèpéle, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa, tó fẹ́ràn láti máa kọ orúkọ aláriwo sílẹ̀, yóò di adájọ́, ọkọ tirẹ̀ gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ rán lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń hanrun. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Àmín!” Ó ní agbábọ́ọ̀lù wa yóò gbá bọ́ọ̀lù dé òkè òkun, òyìnbó ni yóò fẹ́, òyìnbó náà yóò sì máa gún iyán fún un láràárọ̀. “Àmín!” Mùsùlùmí ṣe àmín, onígbàgbọ́ ṣe àmín. O ṣáà mọ àwa Yorùbá, kí èèyàn sáà ti bẹ̀rẹ̀ pé “yóò di”, ẹnu wa kì í dúró gbọ́ ìyókù.

Nígbà tó fi máa kàn mí, ẹnu gbogbo wọn ti gbóná. Èmi ni ẹni tí kì í kúrò lójú kan. Abẹ́ igi kaṣú ẹ̀yìn kíláàsì ni ibùjókòó mi, ẹni tó bá ń wá mi kì í wá mi lọ síbòmíràn. Ọjọ́ tí oyin ya wọ kíláàsì wa, gbogbo wọn fò jáde lójú fèrèsé, èmi nìkan ni wọ́n padà wá bá lábẹ́ tábìlì, ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Apanilẹ́rìn-ín na ìka sí mi, ó ní, “Ẹni tí ẹ ń wò yìí, bí ẹ bá padà dé ní ogún ọdún, ibi tí ẹ fi í sí náà ni ẹ ó ti bá a.”

“Àmín!” ni gbogbo gbọ̀ngán dáhùn.

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi gbọ́ ohùn ìyá mi láti ẹ̀yìn gbọ̀ngán. “Rárá o! Mi ò gbà. Ẹ kó àmín yín padà.”

Ìyá mi máa ń sun bọ̀ọ̀lì tà létí ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti máa ń yà. Ìdí iná ló ti gbéra wá lọ́jọ́ náà, èéfín ṣì wà lára ìró rẹ̀. Kì í ṣe aláriwo rárá. Ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ti tún ìró ró, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò ní jókòó. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa, tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Àwàdà ni àwọn ọmọ ń ṣe.”

“Mo mọ̀ pé àwàdà ni ọmọ yẹn ń ṣe, sà. Ṣé àwàdà ni àmín tí ẹ̀yin ṣe?”

Ìyá mi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní èdè Ìjẹ̀ṣà ponbele. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti mú òun kúrò ní ilé ìwé ni òun ti wà létí ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ń lọ ni òun ń ta bọ̀ọ̀lì fún. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á lọ, òun á dúró. “Ọmọ mi máa lọ,” ó ní. “Òun náà máa wọkọ̀.”

Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Orin ló máa ń kọ nídìí iná, èmi sì rò pé ibẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àṣé gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló ń fi ojú sìn. Ìtìjú tó mú mi kò lọ o, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti wọ inú rẹ̀, ó ń dùn mí láyà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kó àmín padà? Bàbá agbábọ́ọ̀lù wa, àláájì kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ díẹ̀, ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní ìyá yìí kò jà, ẹnu tó sọ ọ́ ni kó yí i padà. Òógùn ti bo apanilẹ́rìn-ín nínú kóòtù bàbá rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìyá mi, ó ní, “Bí ẹ bá padà dé ní ogún ọdún, ẹ ò ní bá a níbi tí ẹ fi í sí.”

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Obìnrin kan nídìí fèrèsé yí ọwọ́ po orí rẹ̀, ó ta ìka, ó ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Nítorí pé òkú ni wọ́n máa ń sọ irú rẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó dé tí kò bá ènìyàn rẹ̀ níbi tó fi í sí, ojú oórì ni wọ́n á mú un lọ. Ọmọkùnrin náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó sì bú sẹ́kún lórí pèpéle. Kí n wà níbẹ̀, kò dára. Kí n má sí níbẹ̀, ìyẹn tún burú jù.

Ìyá mi rìn lọ síwájú. Mo rò pé yóò fọ́ ọ létí ni. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọmọ náà, ó sì ní, “Má sunkún mọ́. O ò ṣe ohun tó burú. Sọ pé: yóò lọ, yóò sì dé bá wa.”

Ó fa imú, ó ní, “Yóò lọ, yóò sì dé bá wa.”

Àmín tí wọ́n ṣe lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àdán gbọ́ ọ. Wọ́n tú jáde láti inú àjà ní ọ̀sán gangan, wọ́n ń fò yí wa ká, àwọn ìyá ń fi ọwọ́ di gèlè mú, ọ̀gá àgbà sì ti sá sábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti padà dé.

Mo lọ lóòótọ́. Mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo, mo dúró síbẹ̀, ilé mi kò jìnnà sí Òkè-Fìà. Ẹni tí a ní yóò di adájọ́ ń ṣe tíṣà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọkọ rẹ̀ sì ń hanrun lálàáfíà. Apanilẹ́rìn-ín wa ti di pásítọ̀, ó sọ fún mi lórí fóònù pé láti ọjọ́ náà ni òun ti máa ń ro ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó ní kí ìjọ ṣe àmín. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ìpetu, ìyá mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí nídìí iná. Kì í kí mi káàbọ̀ kó tó sọ pé, “O dé bá wa.”

Ní àkókò òjò tó kọjá, orúnkún rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo wa ọkọ̀ lọ láti mú un wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti kun yàrá kan fún un. Ó jẹ́ kí n rojọ́ tán, ó ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà lórí ayanran, irin tó fi ń sun ún.

“Bí mo bá bá ọ lọ,” ó ní, “ta ni wàá máa dé bá?”

“Màámi, ṣebí ọ̀dọ̀ mi lẹ ó wà. Kí ni mo tún fẹ́ máa wá ṣe níbí?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wé bọ̀ọ̀lì kan sínú bébà, ó nà án sí mi bó ṣe ń nà án sí àwọn èrò ọkọ̀. “Máa lọ, ọmọ mi. Ibi tí o fi mí sí náà ni wàá ti máa bá mi.”

Mo dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ̀ fún mi lójú gbogbo ìlú ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ sórí ara rẹ̀ yìí, bóyá láti ọjọ́ náà ló sì ti gbà á. Kí èmi lè lọ kí n sì dé bá ènìyàn, ẹnìkan ní láti dúró. Lójú ọmọ tó fẹ́ wọkọ̀, èpè ni ọ̀rọ̀ náà. Mo wo ewú orí rẹ̀, mo wo ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti jó, mo sì rí i pé kò sí ohun tí mo tún ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jù ú lọ.

“Àmín,” mo ní. Èyí, mi ò ní kó o padà.